Ọjọ́ Mọ́kàndínlógún ní Ìtà-Òṣìn: Ẹ́ńjìnnì Mack Nínú Ọkọ̀ Renault

Ọjọ́rú ni ọkọ̀ Alájì kú sójú ọ̀nà. Ó gbé sìmẹ́ńtì kúrò ní Èwékorò, ó kọjá Ìtòrí díẹ̀, họ́ọ̀sì ràdíétọ̀ bá bẹ́. Dẹ́rẹ́bà rí i pé abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti gun òkè, àmọ́ ẹrù olówó ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú òun sójú ọ̀nà, ó ní òun á máa rọra wà á lọ títí òun á fi wọ Abẹ́òkúta. Kò wọ̀ ọ́. Èéfín funfun ń rú túú ní sàlẹ́ńsà, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì funfun bí ògì nítorí omi ti dà sí i, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì la tó rí ọkọ̀ tó wọ́ ọ dé ọgbà mẹkáníìkì ní Ìtà-Òṣìn.

Àbúrò bàbá mi ni Alájì. Èmi ni mò ń bá wọn kọ ìwé owó, èmi náà ni mò ń lọ ra páàtì bí nǹkan bá bàjẹ́. Orí tírélà méjì péré ni wọ́n ní. Èyí tó kú yìí ni Renault Magnum, tọ́kùnbọ̀, ìwé rẹ̀ sì fi hàn pé ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá ti rí Magnum lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀: ilé orí rẹ̀ ga gogoro, ilẹ̀ inú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láìsí òkìtì ẹ́ńjìnnì láàárín, àtẹ̀gùn ni dẹ́rẹ́bà ń gùn bí ẹni ń lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọdún 1990 ni irú rẹ̀ jáde, ọdún 2013 ni wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe é dúró.

Bàbá Máàkì ni mẹkáníìkì wa, kò sì sí nílé. Wọ́n ti lọ síbi ìsìnkú ní Ìṣàgà. Orúkọ tí gbogbo Ìtà-Òṣìn mọ̀ wọ́n sí nìyẹn, torí pé ìdí Mack, ọkọ̀ àjàgbé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, tí wọ́n sì ti lo ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ọmọ iṣẹ́ wọn àgbà wo ọ́ìlì lójú, ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló ti jó, ìyẹn awẹ́ pẹlẹbẹ tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti tọ́ọ̀pù sílíńdà tó dé e lórí, tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì dàpọ̀, òótọ́ ló sì sọ. Ó ní ká jẹ́ kí Bàbá dé ká tó tú u. Alájì kò lè dúró. Owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù ni wọ́n fi kún owó ọkọ̀ náà, oṣooṣù ni wọ́n sì ń san án. Wọ́n ní, "Lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn kalẹ̀. Bí Bàbá bá ti ń bọ́ sílẹ̀ báyìí, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń kàwé yìí rí i dáadáa, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe irú rẹ̀.

Mo jókòó ti fóònù mi lóru ọjọ́ náà, mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé Volvo ti Sweden ti ra ẹ̀ka ọkọ̀ àjàgbé Renault, pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2001 ni ọ̀rọ̀ náà parí. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tèmi: ọkọ̀ wa, 2003, Volvo ti di onílé láti 2001, ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ti ní láti jẹ́ ti Volvo. Nígbà tí mo dé Èkó lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin tó ń ta páàtì kò wulẹ̀ bi mí ní nọ́ńbà kankan. Ó ní, "Renault àti Volvo, ìyá kan náà ló bí wọn." Ó gbé gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì Volvo onílítà méjìlá fún mi, tuntun, nínú pálí rẹ̀. Owó tí mo san lé e lórí ju èrè ìrìnàjò mẹ́ta lọ.

Ọkùnrin náà tún sọ ohun kan tí mo gbé délé: ó ní Volvo fúnra rẹ̀ ti di ti àwọn ará China. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Lafẹ́ńwá àti ní Kútọ̀, ó sì yẹ ká tú u palẹ̀. Volvo méjì ló wà. Èyí tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, Ford ti Amẹ́ríkà ló rà á lọ́dún 1999, Ford sì tà á fún Geely ti China lọ́dún 2010. Èyí tó ń ṣe ọkọ̀ àjàgbé kò bá wọn lọ. Gothenburg ní Sweden ló ṣì jókòó sí, òun ló sì ra Renault àjàgbé. Geely ra ìpín díẹ̀ nínú òun náà, ọdún 2017 ni wọ́n kéde rẹ̀, àmọ́ ìpín yẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Orúkọ kan, àmì kan níwájú ọkọ̀, ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọjọ́ Túsídeè ni Bàbá Máàkì dé. Mo gbé pálí náà fún wọn pẹ̀lú ìdùnnú. Wọ́n fa gásíkẹ́ẹ̀tì yọ, wọ́n nà án gbọọrọ sórí tábìlì iṣẹ́ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, wọ́n sì fi ìka ka ihò sílíńdà rẹ̀: mẹ́fà, lórí ìlà kan, nínú awẹ́ kan ṣoṣo. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn wò mí lójú.

"Ta ló ní kí o ra eléyìí?"

"Bàbá, mo kà á ni. Volvo ló ni Renault."

"Ẹ̀n. O wo inú ẹ́ńjìnnì kó o tó lọ?"

Mo ní rárá.

Wọ́n ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ dojú orí ọkọ̀ náà dé síwájú. Wọ́n gun orí táyà, wọ́n pè mí kí n gun ìkejì. Wọ́n fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. "Ka tọ́ọ̀pù sílíńdà tó wà níbẹ̀ fún mi." Mo kà á: méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan bo sílíńdà mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́ọ̀pù sílíńdà méjì, gásíkẹ́ẹ̀tì kúkúrú méjì ló ń lò. Ọ̀kan gbọọrọ tí mo rà kò níbi tí a ó tẹ́ ẹ sí. Wọ́n wá mú ọwọ́ mi, wọ́n gbé e lé pọ́ọ̀ǹpù epo kéékèèké tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún sílíńdà kan, tí páìpù irin kúkúrú fi so wọ́n mọ́ nọ́sù tó ń fín epo sínú sílíńdà lókè. Wọ́n ní ti Volvo onílítà méjìlá kò rí báyìí: òkè pátápátá ni kámúṣáfù tirẹ̀, irin tó ń ṣí fáàfù, wà, lábẹ́ ìdérí, tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Mo ti tú èyí ju bí mo ṣe jẹun lọ," ni wọ́n wí. "Mack ni."

Mo kọ́kọ́ rò pé ọjọ́ orí ló ń bá wọn fà á. Renault la kọ síwájú, Renault ló wà nínú ìwé, VF6 tó jẹ́ ti Renault àjàgbé ni nọ́ńbà ṣásísì fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì wá. Wọ́n wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi dísù fọ ibẹ̀ títí ó fi hàn: 06.24.65. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ ọ́, àmọ́ mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó lóye rẹ̀. Bí Renault ṣe ń sọ ẹ́ńjìnnì àjàgbé wọn lórúkọ ló fi gbogbo àṣírí hàn: 06 ni iye sílíńdà; 24 dúró fún mìlímítà 124, ìyẹn fífẹ̀ ihò sílíńdà; 65 dúró fún mìlímítà 165, ìyẹn bí písítínì ṣe ń rìn tó. Lọ́jọ́ kejì mo bi Bàbá pé mélòó ni ti E7, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ti Mack. Wọn ò wo ìwé kankan. Wọ́n ní íǹṣì mẹ́rin àti méje nínú mẹ́jọ ní fífẹ̀, íǹṣì mẹ́fà ààbọ̀ ní ìrìn. Mo fi fóònù yí i sí mìlímítà: 123.8 àti 165.1. Ara mi bù máṣọ. Ará Faransé kọ tirẹ̀ ní mìlímítà, ará Amẹ́ríkà kọ tirẹ̀ ní íǹṣì, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ.

Báwo ni Mack ṣe dé inú Renault? Ìtàn yìí gùn, mo sì ti lo ọ̀pọ̀ alẹ́ lórí rẹ̀ láti ìgbà náà.

Brooklyn ní New York ni wọ́n ti dá Mack sílẹ̀ lọ́dún 1900, wọ́n sì kó lọ sí Allentown ní Pennsylvania lọ́dún 1905. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì rí i bí ọkọ̀ náà ṣe ń fi agídí la ẹrọ̀fọ̀ kọjá, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ajá bulldog, ibẹ̀ ni ajá orí ọkọ̀ Mack tí gbogbo wa mọ̀ ti wá. Lọ́dún 1967 ó bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Signal. Lọ́dún 1979 Renault bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín nínú rẹ̀. Renault ń wá ẹnu ọ̀nà sí Amẹ́ríkà, Mack sì ń wá ọkọ̀ tó kéré díẹ̀ sí tirẹ̀ láti tà. Díẹ̀díẹ̀ ni ìpín náà ń pọ̀, títí di ọdún 1990 tí Renault fi gba gbogbo rẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Magnum jáde, èyí tó lágbára jù nínú wọn sì ti gbé ẹ́ńjìnnì V8 ti Mack wọlé. Nígbà tó yá, wọ́n mú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà ti Mack náà, wọ́n tún un ṣe fún ọjà Yúróòpù, wọ́n lẹ orúkọ Renault mọ́ ọn. Òun ló wà nínú ọkọ̀ Alájì.

Volvo wá dé sí ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́. Scania, tí wọ́n jọ wà ní Sweden, ni Volvo fẹ́ rà lọ́dún 1999. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù kọ̀ ọ́ fún wọn ní oṣù kẹta ọdún 2000, wọ́n ní agbára rẹ̀ yóò pọ̀ jù lórí ọjà àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní àríwá lọ́hùn-ún. Volvo yíjú sí Renault. Ìpín Volvo ni Renault gbà dípò owó, Mack sì wà nínú ẹrù tí wọ́n gbé fún wọn. Bí ajá Amẹ́ríkà ṣe dọmọ Sweden nìyẹn, lẹ́yìn tó ti gba ilé Faransé kọjá.

Ẹ wá wo ibi tí ìṣirò mi ti wọ́. Lóòótọ́ ni Volvo di onílé ní 2001. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ilé-iṣẹ́ kò lè pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́. Títí di nǹkan bí ọdún 2005 ni Magnum ṣì ń jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Mack yìí, ìgbà yẹn ni ti Volvo tó wọ inú rẹ̀, tí wọ́n sì pè é ní DXi. Mack fúnra rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó di nǹkan bí ọdún 2007 kí ẹ́ńjìnnì MP tó bá ti Volvo tan tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò E7 àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ọdún mẹ́rin, ó kéré tán, ló wà láàárín ọjọ́ tí ìwé yí padà àti ọjọ́ tí irin yí padà, àárín ọdún mẹ́rin yẹn sì ni ọkọ̀ wa bọ́ sí.

Bàbá Máàkì kò ka èyíkéyìí nínú ìtàn yìí, síbẹ̀ àwọn ló fi òwe ibi tí a wà yìí là á yé mi ju fóònù lọ. Wọ́n ní, "Sìmẹ́ńtì tí ẹ ń gbé l'Éwékorò, ta ló ni ilé-iṣẹ́ náà?" Mo ní WAPCO la bá níbẹ̀, láti 1959, Lafarge ti Faransé gba ilé tó ni ìpín níbẹ̀ lọ́dún 2001, Lafarge papọ̀ mọ́ Holcim ti Switzerland lọ́dún 2015, oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Holcim sì kéde pé òun ń ta tirẹ̀ fún Huaxin ti China. Bàbá ní, "O ṣeun. Ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ni wọ́n hú u?" Mo dákẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ọgbà náà pẹ̀lú ojú mìíràn. Howo méjì wà níbẹ̀ tó ń ná ọ̀nà Ìbẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ènìyàn ń pe Howo ní ọkọ̀ China, òótọ́ sì ni, Sinotruk ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fi gbèrú, ọ̀dọ̀ Steyr ti Austria ni wọ́n ti rà á lọ́dún 1983, Steyr kan náà tí wọ́n ti to ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀ rí ní Bauchi níbí. MAN ti Jámánì ló wá gba ọkọ̀ àjàgbé Steyr, MAN yìí náà sì ra ìdá kan nínú mẹ́rin Sinotruk lọ́dún 2009. Bí àgbà mẹkáníìkì kan tó ti ṣe Steyr rí bá tú Howo tí ó ní òun mọ ọ̀nà ilé yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe já a nírọ́.

MAN tirẹ̀ ti wọ abẹ́ Volkswagen láti 2011, Scania tí Volvo kò rí rà náà wà níbẹ̀, abẹ́ orúkọ Traton ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. DAF jọ wà pẹ̀lú Leyland láti 1987. Àwọn tó dàgbà yóò rántí Leyland torí ilé ìtòpọ̀ ọkọ̀ wọn tó wà n'Íbàdàn. Ilé méjèèjì wó lulẹ̀ lọ́dún 1993, Paccar ti Amẹ́ríkà sì ra DAF lọ́dún 1996, ó ra Leyland lọ́dún 1998. Iveco ló kù báyìí: oṣù Keje ọdún 2025 ni Tata ti Íńdíà kéde pé òun fẹ́ rà á. Ẹni tó bá ní Iveco, kó kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọkọ̀ Alájì. Nígbà tí wọ́n tú u tán, ọ̀rọ̀ ti kọjá gásíkẹ́ẹ̀tì. Tọ́ọ̀pù sílíńdà iwájú kàn tẹ̀ díẹ̀ ni, ilé ẹ̀rọ fá a, ó tẹ́ padà. Ti ẹ̀yìn ti sán láàárín fáàfù méjì, ìlà tó tín-ín-rín bí irun, àfi ìgbà tí Bàbá da epo kẹrosíìnì sí i tí wọ́n sì fi ẹfun kùn ún la tó rí i. A ní láti wá òmíràn. Òwódé Onírin ni Bàbá ní kí n lọ, wọ́n sì sọ bí mo ṣe máa bèèrè: "Má pe Renault, má pe Volvo, má pe Mack pàápàá. Pe nọ́ńbà. Kó o sì gbé ògbólógbòó dání."

Mo gbé e dání, mo dì í sínú àpò sìmẹ́ńtì, mo gbé e sí ẹsẹ̀ mi nínú bọ́ọ̀sì títí dé Èkó. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló ní àwọn kò ní. Ẹ̀karùn-ún wo 06.24.65 nínú ìwé mi, ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó sì gbé ọ̀kan jáde. A dojú méjèèjì kọra wọn, mo ka ihò omi, ihò ọ́ìlì, ihò bóòtù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó yàtọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì kúkúrú méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà, iye tó gbà fún wọn kò tó ìdajì ti Volvo tí mo kọ́kọ́ rà. Ìrìnàjò mìíràn tún wà nílẹ̀ fún bóòtù, torí Bàbá kò gbà kí a lo ti àtijọ́. Wọ́n ní irin tó ti nà lẹ́ẹ̀kan kò ní dì mú dáadáa mọ́.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ni ẹ́ńjìnnì náà dáhùn. Bàbá ní kí ó máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko láìgbéra, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fetí sí i, wọ́n ń fọwọ́ kan họ́ọ̀sì láti ìgbà dé ìgbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ọ̀dà funfun, wọ́n kọ 06.24.65 gàdàgbà sí inú ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà.

Gásíkẹ́ẹ̀tì Volvo náà wà lọ́wọ́ mi fún oṣù méjì. Ẹni tó tà á kò gbà á padà. Ní ìgbẹ̀yìn, ọkùnrin kan ní Ṣàgámù tó ní Volvo FH12 rà á ní ìdajì owó, nígbà tí mo ti rọ̀ ọ́ pé kó kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ kó tó sanwó, ó sì wò ó. Mo kó owó náà fún Alájì. Họ́ọ̀sì ràdíétọ̀ méjì ni wọ́n fi rà, wọ́n de ọ̀kan mọ́ ẹ́ńjìnnì, èkejì wà lẹ́yìn ìjókòó dẹ́rẹ́bà.